Ìwọ̀n Ọkọ̀ Yìnyín àti Irú Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Rà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ìgbà tí àwọn ará wa ní Minnesota ti mọ̀ pé mo máa ń gun snowmobile nígbà òtútù ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró. Àwọn kan ń pè láti Brooklyn Park, àwọn mìíràn láti Winnipeg àti Calgary. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: èwo ni kí àwọn rà, kí sì ni ìtumọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀? Mo ti kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Ọkọ̀ yìnyín ni mo máa pè é.

Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí.

Ẹ fojú inú wo ọ̀kadà tí wọ́n yọ táyà rẹ̀ méjèèjì. Níwájú, wọ́n fi pátákó pẹlẹbẹ méjì tó tẹ̀ sókè lẹ́nu sí i. Ski nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn, rọ́bà fífẹ̀ kan tó rí bí ìgbànú ńlá ń yí po lábẹ́ ìjókòó, ó sì ní eyín tó ń gún yìnyín. Rọ́bà yẹn ni wọ́n ń pè ní track.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ni Joseph-Armand Bombardier ní ìlú Valcourt ní Québec. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kékeré kú nígbà òtútù ọdún 1934, nítorí yìnyín ti dí ọ̀nà, wọn ò rọ́nà gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó fi di 1937, ó ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí track tó ṣe, ó sì ti ń ta B7, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn méje kọjá lórí yìnyín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ni B7. Títí ẹ́ńjìnì kékeré tó fúyẹ́ fi dé, kò sí bí ó ṣe lè ṣe èyí tí ẹnì kan ṣoṣo á máa gùn bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Ọdún 1959 ni Ski-Doo àkọ́kọ́, ọkọ̀ kékeré tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, jáde, ọdún 22 lẹ́yìn B7.

Ìwé sọ pé 200 kìlò ni. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó lé ní 240. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Wọn ò rẹ́ yín jẹ, ṣùgbọ́n wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín náà. Iye tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń pè ní dry weight, ìyẹn ìwọ̀n ọkọ̀ gbígbẹ, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀kán epo nínú rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè gun ọkọ̀ gbígbẹ lọ ibi kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Lítà epo pẹtiróòlù kan ń wọn nǹkan bíi kìlò 0.75. Táǹkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìnyín ń gba bíi 40 lítà. Kìlò 30 ti wọlé nìyẹn kí ẹ tó kúrò nílé epo. Ẹ wá fi ọ́ìlì kún un, ẹ fi omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù kún un, àti ọ́ìlì inú àpótí ṣéènì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fowó kún owó kí wọ́n tó fi sítáátà oníná sí i, ó lè má sí nínú iye tó wà nínú ìwé. Gíláàsì iwájú, báàgì ẹ̀yìn, bẹ́líìtì ìpààrọ̀, irin tó ń dáàbò bo imú ọkọ̀: kálukú ló ń mú ìwọ̀n tirẹ̀ bọ̀.

Èyí tí kò sí nínú ìwé kankan ni ti yìnyín fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gùn ún fún wákàtí méjì, yìnyín á ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, á yọ́ díẹ̀ nítorí ooru, á tún dì gbagidi. Lálaalẹ́ ni mo máa ń fi òòlù onírọ́bà lu ibi tí ẹsẹ̀ ń dúró sí kí n tó gbé ọkọ̀ wọlé. Àwọn ègé tó ń já bọ́ máa ń tóbi tó odindi búrẹ́dì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ méjì wéra, ẹ rí i pé irú ìwọ̀n kan náà lẹ fi ń wé wọn. Àwọn mìíràn máa ń kọ wet weight, ìwọ̀n tòun ti epo àti omi. Ẹni tó bá fi gbígbẹ ọ̀kan wé tútù èkejì á pe èyí tó fúyẹ́ ní èyí tó wúwo.

Mélòó ni irú kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n?

Àpò sìmẹ́ńtì ni mo fi máa ń ṣàlàyé, nítorí ọmọ Nàìjíríà mọ bí kìlò 50 ṣe ń rí léjìká. Ìwọ̀n gbígbẹ ni gbogbo èyí tí mo fẹ́ kà yìí o.

Ọkọ̀ orí òkè, tí wọ́n ṣe fún yìnyín jíjìn, máa ń wà láàárín kìlò 190 sí 215. Nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin nìyẹn. Ọkọ̀ ojú ọ̀nà tó jẹ́ two-stroke (ẹ́ńjìnì tó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo) fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, láti 195 sí 230, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ four-stroke (èyí tí kì í jó ọ́ìlì mọ́ epo) ó lè dé 270. Ọkọ̀ ìrìnàjò tó ní ìjókòó méjì, tí wọ́n ń pè ní touring, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 250, ó sì lè lé ní 300. Ọkọ̀ iṣẹ́ ni bàbá gbogbo wọn: láti 270 sí ohun tó ju 300 dáadáa lọ, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà. Òun ni àwọn apẹja orí adágún àti àwọn tó ń fa igi nínú igbó máa ń lò. Crossover wà láàárín ọkọ̀ orí òkè àti ti ojú ọ̀nà. Ti ọmọdé, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 120 cc, kò ju kìlò 60 sí 70 lọ.

Kìlò mẹ́wàá péré ló wà láàárín ọkọ̀ orí òkè méjì tí mò ń wò, owó wọn sì jìnnà síra. Ṣé kìlò mẹ́wàá tó ohun tí èèyàn ń náwó lé?

Lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì lọ sí Togwotee Pass ní Wyoming. Yìnyín tó bọ́ lóru jìn dé itan, ó rí lẹ́búlẹ́bú bí ẹ̀lúbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Mo gun òkè kan dé ìdajì, mo dẹ ọwọ́ lórí ohun tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo, ó parí. Track gbẹ́ kòtò, ẹ̀yìn ọkọ̀ rì títí ìjókòó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yìnyín dọ́gba. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, èmi náà rì dé ìbàdí. Kò síbi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí kí èèyàn fi gbé nǹkan. Ibẹ̀ sì ga tó 9,600 ẹsẹ̀ bàtà, atẹ́gùn fẹ́lẹ́, bí mo bá gbé e lẹ́ẹ̀kan, mo ní láti dúró mí kí n tó tún gbé e.

Mo fẹ́ fún un lépo kó fi agbára jáde. Ọ̀rẹ́ mi kígbe pé kí n fi í sílẹ̀, pé ńṣe ni track á túbọ̀ máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ. A fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè le. A fa ski kan, a dá ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a rọ́ yìnyín kún kòtò tó gbẹ́, a wá yí i padà sórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 gbáko la fi ṣe é. Òógùn tó bò mí di omi dídì lára kọ́là aṣọ mi.

Ẹ ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, ẹ ó mọ kìlò mẹ́wàá dáadáa. Ìwọ̀n tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì kò ju èyí tí ọwọ́ yín bá pàdé níbi tí ẹ ti ń gùn. Ibi tí ìwọ̀n yẹn wà lára ọkọ̀ sì tó nǹkan bákan náà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì fa imú rẹ̀ wálẹ̀ máa ń fi orí rì, ó sì máa ń ṣòro láti dá sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìwé bá tiẹ̀ sọ pé ó fúyẹ́. Ẹ di ẹ̀yìn àti ski rẹ̀ mú nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé méjèèjì wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ torí ìwọ̀n yọ sílẹ̀. Lórí òkè, yìnyín máa ń ya lulẹ̀ gbì, á sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn, ṣọ́bìrì, àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wá ẹni tó wà lábẹ́ yìnyín, gbogbo wọn ni kí ó wà lára olúkúlùkù. Ara yín ni kí ẹ̀rọ náà wà, kì í ṣe inú báàgì ọkọ̀.

Ó dáa, ṣé kí n kúkú ra èyí tó fúyẹ́ jù?

Bí ibi tí ẹ ti fẹ́ máa gùn ún bá jẹ́ àyíká Minneapolis, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minnesota ní ọ̀nà ọkọ̀ yìnyín tó lé ní 20,000 máìlì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ orí òkè ò sí níbi tirẹ̀.

Yìnyín tí track ń ta sókè ló ń mú omi ẹ́ńjìnì tutù. Yìnyín á bá irin abẹ́ ọkọ̀, omi gbígbóná tó ń kọjá nínú irin yẹn á tutù. Òun náà ló ń tu pẹrẹgẹ́dẹ́ oníke tí track ń yọ̀ lé lórí lára. Bí ọ̀nà bá ti le bí omi dídì, track kò ní rí nǹkan ta sókè. Ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, oníke yẹn á máa yọ́. Track orí òkè tí eyín rẹ̀ gùn ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Àwọn wáyà líle kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ track láti máa ha ilẹ̀, kí wọ́n lè ta yìnyín díẹ̀ wọlé. Ẹ rà wọ́n, wọn ò wọ́n.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwúwo ń ṣe èèyàn lóore lójú ọ̀nà. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lórí adágún Mille Lacs, ọkọ̀ tó wúwo á dúró sójú ilà rẹ̀. Lórí ọ̀nà tó ti di gbágungbàgun nírọ̀lẹ́ Sátidé, kì í fò bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Kí ni 137 × 15 × 1.25 tí wọ́n kọ?

Track ni wọ́n ń sọ, íǹṣì sì ni gbogbo rẹ̀: gígùn rẹ̀ bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, àti gíga eyín rẹ̀. Ẹni tó bá ti to pátákó sórí ẹrọ̀fọ̀ kó tó kọjá ti mọ ìdí rẹ̀. Bí ohun tó gbé ìwúwo bá ṣe fẹ̀ tó ni kò ní rì tó. Ọkọ̀ iṣẹ́ tó wúwo jù ń léfòó nítorí track rẹ̀ fẹ̀ tó 20 tàbí 24 íǹṣì. Ti orí òkè máa ń gùn tó 154, 165 tàbí jù bẹ́ẹ̀, eyín rẹ̀ sì máa ń ga tó 2.5 sí 3. Ti ojú ọ̀nà jẹ́ 121 sí 137, eyín rẹ̀ kò ju 1 sí 1.5 lọ, ó sì máa ń yára yí kọ́nà ju èyí tó gùn lọ. Crossover ń lo 137 sí 146.

Two-stroke tàbí four-stroke?

Ẹni tó bá ti po ọ́ìlì mọ́ epo fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ti mọ two-stroke. Ó fúyẹ́, ó lágbára ju bó ṣe tóbi lọ, ó sì ń jẹ ọ́ìlì. Ti ọkọ̀ yìnyín òde òní ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ kò ní po nǹkan kan. Four-stroke kì í jó ọ́ìlì mọ́ epo, ó dákẹ́, epo rẹ̀ kì í tètè tán, ó sì máa ń pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ó ń fi kìlò púpọ̀ kún un, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà níwájú. Ní Yellowstone, ọgbà àbójútó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin ariwo àti èéfín wà fún ọkọ̀ yìnyín tó bá máa wọlé, four-stroke ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe ń gòkè sí i, ẹ́ńjìnì tí kò ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ sí i wọ ẹ́ńjìnì) ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ní Togwotee, ó ti sún mọ́ ìdá 30 nínú 100. Ìdí tí turbo fi wọ ọkọ̀ orí òkè nìyẹn, ó sì fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ń gùn nílẹ̀ pẹrẹsẹ ra four-stroke bí owó bá wà, kí ẹni tó ń lọ sórí òkè má tilẹ̀ rò ó.

Mo sanra, kìlò 115 ni mí. Ìyàwó mi ò ju 55 lọ. Ṣé ọkọ̀ kan lè bá àwa méjèèjì mu?

Ó lè bá yín mu bí ẹ bá ń tún spring rẹ̀ ṣe. Ara èèyàn jẹ́ apá kan nínú ìwọ̀n ọkọ̀. Bí a bá ṣe spring fún ẹni tó wọn kìlò 80, ẹ̀yin á tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ pátápátá, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbá ilẹ̀, ski iwájú ò sì ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ìyàwó yín á rí i pé ó le bí àpáta.

Ẹ ṣe é báyìí. Kí ẹnì kan gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè títí spring á fi tú ara rẹ̀, kí ẹ fi téèpù wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó fẹ́ gùn ún wọ gbogbo aṣọ rẹ̀, bàtà àti akoto, kó jókòó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá wọlẹ̀ jù, ẹ fún spring náà le, bí kò bá wọlẹ̀ rárá, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti fún un dé òpin tí kò sì tó, ẹ ra spring tó le ju ìyẹn lọ. Owó yẹn á tù yín lára ju gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ní ti ìyàwó yín, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé agbára ni wọ́n fi ń gùn ún. Obìnrin kan tí kò ga ju àyà mi lọ ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó fi ara fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó kàn má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú track 165.

Ọmọ mi ti pé ọdún 13. Ṣé kí n ra ńlá fún un kó lè máa dàgbà bá a?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bàtà ni wọ́n ń rà tóbi sílẹ̀. Ọkọ̀ kìlò 220 tó bá ṣubú lé ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ ò lè gbé e kúrò. Ẹ wá èyí tó kéré, tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè gbé ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. Ní Minnesota, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn December 31, 1976 gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ààbò kó tó gun ọkọ̀ yìnyín, nítorí náà ẹ̀yin àti ọmọ lè jọ ṣe é.

Omi dídì orí adágún ńkọ́? Ṣé ó lè gbé e?

Omi dídì tuntun tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ nípọn tó íǹṣì márùn-ún ó kéré tán kí ọkọ̀ yìnyín tó gùn ún, èmi kì í sì í gùn ún bí kò bá lé díẹ̀ sí i. Bó bá funfun, tí yìnyín ti dà pọ̀ mọ́ ọn, agbára rẹ̀ ò ju ìdajì lọ, ẹ fi ìlọ́po méjì wò ó. Níbi tí odò bá ti ń wọ adágún, tàbí lábẹ́ afárá, ẹ yà fún un. Ẹ má gun ọkọ̀ méjì sún mọ́ra, nítorí ibi kan náà ni ìwọ̀n méjèèjì á ti pàdé. Ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì kọ́rùn, òun lẹ ó fi gún omi dídì láti fa ara yín jáde bó bá ya.

Ọkọ̀ tó ń lo iná ńkọ́?

Bátìrì wúwo, òtútù sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Èyí tí Ski-Doo kọ́kọ́ gbé jáde kò lọ ju nǹkan bí kìlómítà 50 lọ. Ó dára fún ibi tí wọ́n ti ń yá àlejò gùn yípo. Kò tíì dára fún ìrìnàjò.

Ṣé jíìpù kékeré mi lè fà á?

Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín, iye tó lè fà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ yìnyín méjì tòun ti epo lè wọn kìlò 500, kẹ̀kẹ́ àfàfà (trailer) tí wọ́n gbé wọn lé lè tó 300 sí 400. Jíìpù kékeré mìíràn kò lè fà ju 680 lọ.

Bí ẹ̀yin bá fẹ́ ra ọ̀kan ṣoṣo lónìí, èwo ni?

Ní Minnesota tàbí Manitoba, crossover track 137, eyín 1.5, two-stroke 600 cc, àlòkù tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ó fúyẹ́ tó kí èmi àti ẹnì kan lè gbé e jáde nínú kòtò, ó sì tún dúró dáadáa lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé Calgary tó fẹ́ máa wakọ̀ lọ sí àwọn òkè bíi ti Revelstoke ní British Columbia, kó wá ọkọ̀ orí òkè tí track rẹ̀ jẹ́ 154. Ẹni tó fẹ́ máa gbé ìyàwó, kó ra touring, kó má dààmú nípa ìwọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ yá irú rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Nírọ̀lẹ́, nígbà tó ti rẹ̀ yín tí yìnyín ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e.